Èwo Ni Ti Ìjọba, Èwo Ni Ọ̀fẹ́? Àlàyé Lórí Ohun Èlò Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Fún Olùkọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Ìjọba ní Abẹ́òkúta

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé ìdánwò WAEC àti NECO yóò kúrò lórí ìwé bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí ń béèrè ní Abẹ́òkúta, yálà ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ ni o, tàbí nínú takisí tó ń ti Kútọ̀ lọ sí Pánṣẹ́kẹ́: àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní ìjọba kó fún àwọn olùkọ́ dà? Ẹnì kan á ní òun gbọ́ nípa táblẹ́ẹ̀tì lórí rédíò. Ẹlòmíràn á ní íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ ni wọ́n ṣèlérí. Ẹni kẹta á sì fi gbogbo ẹnu sọ pé TETFund, àpò owó ẹ̀kọ́ kan ti ìjọba, ló yẹ kí ó tún yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò òun ṣe. Ìdàrúdàpọ̀ náà kò mọ sọ́dọ̀ àwọn òbí, nítorí ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni kò lè sọ pàtó ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀, ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé, àti ohun tó jẹ́ pé owó àpò ara rẹ̀ ni yóò fi rà á.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti gbé gbogbo ìdánwò àṣewọlé yunifásítì sórí kọ̀ǹpútà, WAEC pẹ̀lú sì ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 2024 pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe ìdánwò fúnra wọn láìsí nílé ẹ̀kọ́. Ọmọ tó bá jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò ni yóò kọ́kọ́ di àtẹ bọ́tìnnì mú, ìbẹ̀rù ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ bá jà kí ó tó kan ìbéèrè. Olùkọ́ rẹ̀ ló sì yẹ kí ó ti mú ìbẹ̀rù náà kúrò tipẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé wa ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí olùkọ́ yìí nílò kò sí nínú páálí kankan tí wọn yóò já sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ìjọba. Ó ti wà nílẹ̀, kò sì gba owó púpọ̀, àmọ́ ó ń béèrè pé kí ilé ẹ̀kọ́ forúkọ sílẹ̀, kí ẹnì kan sì gbà á bí iṣẹ́ tirẹ̀.

Kí gan-an ni ohun èlò ìmọ̀ ẹ̀rọ?

Nǹkan mẹ́rin ni orúkọ yìí kó pọ̀. Èkíní ni ẹ̀rọ fúnra rẹ̀: kọ̀ǹpútà orí tábìlì, láptọ́ọ̀pù, táblẹ́ẹ̀tì, fóònù, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti pirojẹ́kítọ̀ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Èkejì ni ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ náà, èyí tí olùkọ́ fi ń kọ nóòtì ìkọ́ni, tó fi ń ṣètò ìbéèrè, tàbí tó fi ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́ sí ọmọ. Ẹ̀kẹta ni ohun tó ń gbé méjèèjì ró, ìyẹn iná mànàmáná àti dátà. Ẹ̀kẹrin ni ìmọ̀ bí a ṣe ń lò wọ́n.

Bí ìròyìn bá sọ pé wọ́n ti pèsè ìmọ̀ ẹ̀rọ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́, ó lè jẹ́ ẹyọ kan péré nínú mẹ́rin yìí ni wọ́n ní lọ́kàn. Láptọ́ọ̀pù lè dé láìsí iná. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta lè wáyé fún olùkọ́ tí kò sí kọ̀ǹpútà kankan ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìròyìn náà kò purọ́, síbẹ̀ òbí tó gbọ́ ọ yóò máa retí ohun tí kò sí níbẹ̀, yóò sì máa rò pé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti kó o lọ sílé. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí á máa bi ẹnikẹ́ni tó bá mú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wá ni pé: èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?

Ta ni ojúṣe èwo wà lọ́rùn rẹ̀?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ́ mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́, nítorí orúkọ àwọn àjọ náà pọ̀, gbogbo wọn sì jọ ara wọn. Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti sẹ́kọ́ńdìrì kékeré, ìyẹn láti Pírámárì Kìíní títí dé JSS Kẹta, ni òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Òfin náà ló dá UBEC, àjọ tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè, sílẹ̀ ní Abuja. Ó sì sọ pé ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀ ni kí wọ́n máa yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Apá tó pọ̀ jù nínú owó náà kì í dé ọwọ́ ìpínlẹ̀ lásán: ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú iye tó bá a dọ́gba sílẹ̀ láti inú àpò tirẹ̀. Bí ìpínlẹ̀ kan bá jáfara, owó rẹ̀ yóò wà ní Abuja láìsí ẹni tó ná an. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, ló ń gba owó náà tó sì ń ná an. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Abẹ́òkúta ní méjì, nítorí ìjọba ìbílẹ̀ méjì ni ìlú náà pín sí: Gúúsù Abẹ́òkúta tí olú ilé rẹ̀ wà ní Aké, àti Àríwá Abẹ́òkúta tí olú ilé rẹ̀ wà ní Akọmọ́jẹ.

Sẹ́kọ́ńdìrì àgbà yàtọ̀. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ ní Òkè-Mọ́sàn ló ń darí rẹ̀, TESCOM ló sì ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àwọn olùkọ́ rẹ̀. Owó UBEC kò ṣe é ná síbẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa, nítorí àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà gan-an ni yóò jókòó ṣe WAEC lórí kọ̀ǹpútà. Ilé ẹ̀kọ́ méjì lè wà nínú ọgbà kan náà, kí géètì wọn jẹ́ ọ̀kan, kí kọ̀ǹpútà tuntun wà ní ẹ̀gbẹ́ àwọn ọmọ kékeré, kí ẹ̀gbẹ́ àwọn àgbà sì ṣófo. Òbí tó bá rí i yóò ní ojúsàájú ni. Kì í ṣe ojúsàájú, àpò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni owó ti wá. Lójú tèmi, àlàfo yìí ló yẹ kí á máa pariwo lé lórí jù nísinsìnyí, nítorí ibẹ̀ ni ìdánwò tó ń bọ̀ yóò ti bá wa lójijì.

TETFund ńkọ́? Yunifásítì, ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe àti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tí ó jẹ́ ti ìjọba ni òfin TETFund ti ọdún 2011 wà fún. Kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú pírámárì tàbí sẹ́kọ́ńdìrì. Àpò kan tí àwọn ènìyàn kì í sábà dárúkọ, tó sì lè dé sẹ́kọ́ńdìrì, ni USPF, èyí tí òfin ìbánisọ̀rọ̀ ti ọdún 2003 gbé kalẹ̀ lábẹ́ NCC, àjọ tó ń darí àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀. Owó tí àwọn iléeṣẹ́ fóònù ń san fún ìjọba ni wọ́n fi ń ṣe é, ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti gbé yàrá kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba.

Ọpọ́n Ìmọ̀, Digiclass, Learning Passport: ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n?

Rárá, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ọpọ́n Ìmọ̀ jẹ́ táblẹ́ẹ̀tì tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé jáde ní ọdún 2013 fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, tí ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀. Ti Ọ̀ṣun ni, kì í ṣe ti Ògùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá a kiri ní Abẹ́òkúta, òfo ni yóò bá bọ̀.

Digiclass ni ti Ògùn. Ìgbà àrùn kòrónà ní ọdún 2020, nígbà tí wọ́n ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pa, ni ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí àwọn olùkọ́ ń kọ́ ọmọ lórí tẹlifíṣọ̀n OGTV. Ẹ̀kọ́ orí afẹ́fẹ́ ni, kì í ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n pín.

Nigeria Learning Passport, ojúlé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni èyí tí mo fẹ́ kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan wò lónìí. UNICEF àti iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ló gbé e jáde ní ọdún 2022, pẹ̀lú iṣẹ́ ẹ̀rọ láti ọwọ́ Microsoft. Ẹ̀kọ́ pírámárì àti ti sẹ́kọ́ńdìrì wà níbẹ̀, wọ́n sì tò ó tẹ̀lé kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù Nàìjíríà. Ọ̀fẹ́ ni. Olùkọ́ lè forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì lè gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ nígbà tí dátà wà, kí ó lò ó ní kíláàsì nígbà tí dátà kò sí.

Àwọn ètò wo ni ilé ẹ̀kọ́ lè gbà láìsan owó?

Google ní ètò kan fún ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Google Workspace for Education. Ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba mọ̀, ó sì fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ náà ní àyè ìpamọ́ 100 tẹ́ràbáìtì (tẹ́ràbáìtì kan tó nǹkan bí 1,000 gígábáìtì) láti pín lò láàárín ara wọn, nígbà tó jẹ́ pé 15 gígábáìtì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ń rí lórí Gmail tirẹ̀. Google Classroom, níbi tí olùkọ́ ti ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí ọmọ sì ń dá a padà, wà nínú rẹ̀. Microsoft náà ní irú rẹ̀, tí Word, Excel àti PowerPoint orí íntánẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Canva, tí a fi ń ṣe àwòrán ìkọ́ni àti káàdì kíkà fún àwọn ọmọ kékeré, máa ń ṣí ọ̀pọ̀ ohun tó ń tà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún olùkọ́ pírámárì àti sẹ́kọ́ńdìrì tó bá lè fi ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ hàn.

Ibi tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa ti ń kọsẹ̀ kò ju orúkọ ojúlé orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Google kò ní fún ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní orúkọ tirẹ̀. Ní Nàìjíríà, orúkọ tó parí sí .sch.ng ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́, owó tí wọ́n sì ń san lọ́dọọdún lórí rẹ̀ kò tó ohun tí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ń ná lórí ayẹyẹ ìparí ọdún. Ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo kò tilẹ̀ nílò láti dá a ṣe, nítorí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ lè gba orúkọ kan kí ó sì ṣí àkáǹtì fún gbogbo olùkọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí mo bá jẹ́ akọ̀wé ẹ̀kọ́ ní Aké tàbí ní Akọmọ́jẹ, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí n óò ṣe nìyẹn, nítorí nóòtì ìkọ́ni olùkọ́ tó bá fẹ̀yìntì yóò wà nílẹ̀ fún ẹni tó gba ipò rẹ̀, dípò kí ó bá fóònù rẹ̀ lọ.

Ohun kékeré kan tún wà tí gbogbo olùkọ́ Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀, wọ́n ṣì ń tẹ ìbéèrè ìdánwò Yorùbá láìsí àmì, olùkọ́ á wá jókòó ti ìwé náà, á máa fi bírò fa àmì ohùn àti ìlà abẹ́ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Gboard, àtẹ ìtẹ̀wé tí Google ṣe fún fóònù, ní Yorùbá nínú, pẹ̀lú ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn wọn. Olùkọ́ á wọ inú ètò àtẹ náà, á yan Yorùbá kún èdè rẹ̀, ó parí. Ọmọ tó rí “ọkọ̀”, “ọkọ́” àti “ọkọ” pẹ̀lú àmì wọn nínú ìbéèrè kò ní máa méfò.

Bí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Ìdáhùn sí èyí ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo àlàyé yìí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ohun tí ó ṣeé ṣe.

Ètò kan wà tí ń jẹ́ Kolibri. Ẹgbẹ́ aláìlérè kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Learning Equality ló ṣe é, wọ́n sì ṣe é nítorí ilé ẹ̀kọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì kò dé. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Kọ̀ǹpútà kan, tó lè jẹ́ láptọ́ọ̀pù àlòkù tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ni wọn yóò gbé lọ síbi tí íntánẹ́ẹ̀tì wà lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò gba ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ sínú rẹ̀: ìṣirò láti Khan Academy, ìwé ìtàn àwọn ọmọdé láti African Storybook, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n bá gbé e padà sí ilé ẹ̀kọ́, wọn yóò so ó mọ́ ẹ̀rọ Wi-Fi kékeré kan. Fóònù tàbí táblẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí tó bá wà nítòsí yóò rí Wi-Fi náà, yóò sì ṣí ẹ̀kọ́ láti inú láptọ́ọ̀pù yẹn láìjẹ dátà rárá. Ilé tó ti gbẹ́ kànga sínú ọgbà rẹ̀ kì í dúró de ọkọ̀ olómi: owó ńlá ni ti gbígbẹ́, lẹ́yìn èyí, gbogbo ẹbí á máa fa omi láìka iye garawa. Bẹ́ẹ̀ náà ni Kolibri rí sí dátà.

Olùkọ́ lè fi iṣẹ́ lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ nínú rẹ̀, kí ó sì rí ẹni tó ṣe é àti ẹni tí kò ṣe é, àti ìbéèrè tí kíláàsì lápapọ̀ ti kùnà. Èyí nìkan tó fún olùkọ́ tó ní ọmọ púpọ̀ ní kíláàsì, tí kò lè ráyè ka ìwé gbogbo wọn lálaalẹ́.

Ohun kejì ni PhET, àkójọ àwòrán aláfarawé fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Carl Wieman, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní ọdún 2001, ló dá a sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado ní ọdún 2002. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. Olùkọ́ físíìsì fẹ́ kọ́ ọmọ nípa ìrìn àjò iná mànàmáná, àmọ́ yàrá àyẹ̀wò kò ní wáyà tàbí gílóòbù tó dára. Ó ṣí àwòrán náà lórí láptọ́ọ̀pù. Ó fi ìka fa bátìrì kan wá sáàárín, ó fa wáyà méjì, ó fa gílóòbù kan. Níwọ̀n ìgbà tí àyè bá ṣì wà láàárín wáyà àti bátìrì, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ó ti so ó pọ̀ báyìí, àwọn ẹ̀kán kéékèèké aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú wáyà náà, gílóòbù sì tàn. Ó fi gílóòbù kejì sí ìtòtẹ̀lé kan náà, méjèèjì ṣe bàìbàì. Ọmọ kan ní kí ó so wáyà láti ẹnu bátìrì kan sí èkejì tààrà láìsí gílóòbù láàárín, iná sì ràn lórí bátìrì náà níwájú gbogbo kíláàsì. Ọmọ tó rí èyí ti mọ ìdí tí bàbá rẹ̀ fi ń kìlọ̀ pé kí ó má fọwọ́ pa wáyà ilé pọ̀. Àwọn àwòrán wọ̀nyí ṣeé gbà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn náà.

Fún ẹni tó fẹ́ ìwé ìmọ̀ ńlá, Kiwix wà, èyí tó ń gbé Wikipedia sínú ẹ̀rọ láti máa kà láìsí dátà.

Iná wo ni yóò gbé e?

Ìṣirò díẹ̀ yóò fi hàn wá ìdí tí irú kọ̀ǹpútà tí ilé ẹ̀kọ́ ń gbà fi ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì pẹ̀lú ojú rẹ̀ máa ń jẹ nǹkan bí wáàtì 150. Láptọ́ọ̀pù ń jẹ nǹkan bí 50. Kọ̀ǹpútà kékeré tí ń jẹ́ Raspberry Pi, tí kò fẹ̀ ju káàdì ATM lọ tó sì lè gbé Kolibri fún odidi kíláàsì, kì í jẹ tó 10. Yàrá tó ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì 20 nílò wáàtì 3,000 kí ó tó kan fáànù. Láptọ́ọ̀pù 20 nílò 1,000, ó sì lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí mélòó kan lórí bátìrì rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ. Jẹnẹrétọ̀ tí epo rẹ̀ ń ti àpò àwọn òbí wá kò lè gbé ti àkọ́kọ́ fún sáà kan. Sólà kékeré lè gbé ti èkejì. Nígbà tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde bá fẹ́ ta ilé ẹ̀kọ́ wọn lọ́rẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn sọ èyí kí wọ́n tó ra ohun ńlá tí yóò di ibi ìjókòó eruku.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ tún wà. Ní ibi púpọ̀, ẹ̀rọ wà, àmọ́ ó wà ní títìpa, nítorí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ pé bí olè bá gbé ọ̀kan lọ, òun ni wọn yóò ní kí ó san án. Ẹ̀rù rẹ̀ tọ́. Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà tí kò jáde nínú páálí ń gbó bí èyí tí wọ́n ń lò. Ìwé àkọsílẹ̀ tí olùkọ́ yóò máa fọwọ́ sí nígbà tó bá gbé e àti nígbà tó bá dá a padà, pẹ̀lú àdéhùn kíkọ láàárín ilé ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì lórí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí olè bá jà, ni yóò ṣí ilẹ̀kùn náà.

Ṣé fóònù olùkọ́ fúnra rẹ̀ kà mọ́ ọn?

Ó kà, kódà òun ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò jù. WhatsApp ni ilé ẹ̀kọ́ kejì fún ọ̀pọ̀ kíláàsì ní Abẹ́òkúta lónìí. Ohun tó yẹ kí á mọ̀ ni bí dátà ṣe ń lọ. Ohùn tí olùkọ́ gbà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kò tó 1 mẹ́gábáìtì rárá, àwòrán pátákó ìkọ̀wé kan sì kéré bẹ́ẹ̀, nígbà tí fídíò wákàtí kan, kódà tí kò mọ́lẹ̀ gan-an, lè jẹ tó 300 mẹ́gábáìtì. Olùkọ́ tó bá ya àwòrán pátákó rẹ̀ tó sì fi ohùn ṣàlàyé rẹ̀ ti ṣe àánú àwọn òbí tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀. Dátà tí òun náà ń ná, owó oṣù rẹ̀ ni. Kò tọ́ kí ó máa rí bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì yẹ kí ìpàdé òbí àti olùkọ́ fi í sínú ètò ìnáwó sáà.

Òfin tún wà níbí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn, ó sì ní pé ní ọ̀pọ̀ ìgbà kí á gba ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́ kí á tó lo ọ̀rọ̀ nípa ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Olùkọ́ tó ya àwòrán ìwé èsì gbogbo kíláàsì, tí orúkọ àti máàkì ọmọ kọ̀ọ̀kan hàn gbangba, tó sì jù ú sójú gbogbo òbí, ti fi ohun tó jẹ́ ti ọmọ olọ́mọ síta. Kí ó fi èsì kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí òbí tó ni ín.

Ṣé olùkọ́ lè lo ChatGPT?

ChatGPT jẹ́ ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa ń fèsì ìbéèrè bí ẹni pé ènìyàn ni. Olùkọ́ lè lò ó láti fi gbìmọ̀ nóòtì ìkọ́ni, láti wá oríṣiríṣi ìbéèrè lórí àkòrí kan, tàbí láti sọ ẹ̀kọ́ tó le di ohun tó rọrùn. Àmọ́ irú ẹ̀rọ yìí máa ń fi ìdánilójú sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí, pàápàá lórí ìtàn àti àṣà tiwa, àmì ohùn Yorùbá rẹ̀ sì máa ń ṣìnà. Kò sí ohun tó yẹ kí ó ti inú rẹ̀ dé ojú pátákó kí olùkọ́ tó fi ìwé yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tó ni í fúnra wọn sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 kò gbọ́dọ̀ lò ó, àti pé ẹni tí kò tíì pé 18 gbọ́dọ̀ ní ìyọ̀ǹda òbí.

Ta ni yóò kọ́ olùkọ́?

SUBEB ní owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ nínú ohun tó ń ti ọ̀dọ̀ UBEC wá. TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, náà ń béèrè pé kí olùkọ́ máa kọ́ ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ, ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ètò 3MTT tí ìjọba àpapọ̀ fi ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023, ṣí sílẹ̀ fún olùkọ́ bí ó ti ṣí fún ẹlòmíràn, Ogun Tech Hub, ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ, sì wà nínú ìlú níbí. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yan olùkọ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá, kí wọ́n dín kíláàsì rẹ̀ kù díẹ̀, kí ó sì máa kọ́ àwọn yòókù ní wákàtí kan lọ́sẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí alábàáṣiṣẹ́ ẹni kọ́ni lórí ẹ̀rọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ ẹni máa ń wọni lára ju ti gbọ̀ngàn ńlá lọ.

Níbo ni kí á mú ẹ̀bẹ̀ wa lọ?

Fún pírámárì àti sẹ́kọ́ńdìrì kékeré, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti ìgbìmọ̀ alábòójútó tí wọ́n ń pè ní SBMC ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ó tó kan ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́yìn náà SUBEB. Fún sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ó di iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Òkè-Mọ́sàn. Òbí tó bá mú ẹjọ́ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà lọ sí SUBEB yóò kàn rìn lásán ni.

Lẹ́tà tó bá kọ “ẹ fún wa ní kọ̀ǹpútà” nìkan kì í rìn jìnnà. Kí ó sọ iye ọmọ àti iye olùkọ́, irú iná tó ń wọ ilé ẹ̀kọ́ náà àti wákàtí tó ń lò lójúmọ́, bóyá fèrèsé yàrá náà ní irin, orúkọ olùkọ́ tí yóò mójú tó o, àti ohun tí àwọn òbí ti ṣe tán láti dá sí i. Kí ó dárúkọ èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ń béèrè: ẹ̀rọ, ètò, iná àti dátà, tàbí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí akọ̀wé ọ́fíìsì lu òǹtẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ sórí ẹ̀dà tí wọn yóò mú padà, kí ẹ̀dà náà sì wà nínú fáìlì ilé ẹ̀kọ́ tí ọ̀gá tuntun lè rí bí wọ́n bá gbé ti àtijọ́ lọ síbòmíràn.